Ìtàn Ose ní Otor-Udu: Owó Orí, Ilẹ̀ àti Orúkọ Tí Ó Wà Lára Ìwé

Nígbà tí ìyàwó ilé Yorùbá bá kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó sì pè é ní "olówó orí mi", kì í ṣe pé ó kàn ń pọ́n ọn lé. Ọ̀rọ̀ òfin ni ó ń fi ìfẹ́ sọ, nítorí owó orí tí ìdílé ọkọ gbé kalẹ̀ níwájú àwọn baba rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ìyàwó, òun ni ó sọ àjèjì méjì di àna ara wọn, òun náà ni ó sì fún àgbà ìhà méjèèjì ní ẹnu láti dá sí i ní ọjọ́ tí ilé bá dàrú. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú kan lábẹ́ ọ̀run tí a kì í ti í rí ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń sùn lábẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n ń jẹun nínú àwo kan, tí Ọlọ́run sì ti fi ọmọ jíǹkí wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé kọ́bọ̀ kalẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni. Àlè ni àwa ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀, a kì í sì í pè é kí ohùn wa má yí padà. Àwọn Urhobo, aládùúgbò wa ní ìhà ìlà-oòrùn, ní orúkọ fún un tí kò le tó tiwa: ose ni wọ́n ń pè é. Nínú ìtàn ose ní ilẹ̀ Udu ni mo ti rí ohun kan tí ó ń dùn mí lọ́kàn, tí mo sì fẹ́ kí òǹkàwé bá mi gbé yẹ̀ wò, èyí ni bí ohun tí ó jẹ́ òmìnira fún obìnrin láyé àtijọ́ ṣe di kòtò sí i lẹ́sẹ̀ láyé owó oṣù àti ilé bíríkì.

Otor-Udu ni olú-ìlú ilẹ̀ Udu, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba Urhobo, òun náà sì ni ìjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Udu ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ẹni tí ó bá ti ìgboro Warri bọ̀ yóò gba Enerhen, yóò kọjá lórí afárá Udu, yóò sì bọ́ sí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí omi kò jìnnà sí, tí ọ̀pẹ dúró lé lórí gbọngbọn bí ẹ̀ṣọ́ ọba. Ilẹ̀ ni a ń pè ní otor nínú èdè wọn, ó sì dára kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a ó máa sọ títí tí a ó fi dákẹ́. Ọ̀pẹ ni ó gbé àwọn ènìyàn wọ̀nyí dìde kí epo rọ̀bì tó dé: ọ̀pẹ tí kò ní ohun tí a ń jù nù lára, tí ẹyìn rẹ̀ ń di epo, tí ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ ń di àdín, tí ihá rẹ̀ ń dá iná, tí imọ̀ rẹ̀ ń bo ilé. Àwọn ará Ìkálẹ̀ ní agbègbè Òkìtìpupa mọ̀ wọ́n dáadáa, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Urhobo ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn láti kọ ẹyìn àti láti fún epo. Sobo ni ìjọba Òyìnbó máa ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, títí di 1938, nígbà tí ẹgbẹ́ Urhobo Progress Union jà fún un tí a sì dá orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn padà fún wọn. Ènìyàn tí ó bá lè jà fún orúkọ lára ìwé, a ó rí i níwájú pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ìgbéyàwó tí ó pé láàrin wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Nínú ilé baba ọmọbìnrin ni a ti ń ṣe é. Ọtí ni a ń gbé kalẹ̀, a ó ta á sílẹ̀ fún erivwin, ìyẹn àwọn baba ńlá tí wọ́n ti lọ ṣùgbọ́n tí ojú wọn kò kúrò nílé, a ó pe Oghene, Ọba òkè, ṣe ẹlẹ́rìí, a ó sì gba owó orí. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọbìnrin náà ti bọ́ sábẹ́ ìṣọ́ erivwin ilé ọkọ: bí ó bá yan ọkùnrin mìíràn, ìgbàgbọ́ wọn ni pé àìsàn tàbí àjálù yóò wọlé, kò sì ní í jáde títí tí yóò fi jẹ́wọ́ tí a ó sì ṣe ètùtù. Bí ìgbéyàwó bá sì fẹ́ tú, dídá owó orí padà ni a fi ń tú u.

Ose kò sí lábẹ́ ìṣọ́ yìí. Onigu Otite, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti ṣe ìwádìí nípa àwọn ènìyàn rẹ̀, ka ìbágbé ose mọ́ àwọn oríṣi ìgbéyàwó tí Urhobo mọ̀, kò sì kà á sí ìwà ìbàjẹ́. Àwọn òbí obìnrin lè kọ̀ láti gba owó orí lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ sì lè kọ̀ ọ́. Irú ẹni tí ó máa ń kọ̀ ọ́ kì í sì í ṣe ọmọdé tí ìfẹ́ ń tì kiri. Obìnrin tí ó ti bímọ rí ni, tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó ẹnu nídìí òwò, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dúró sí àgbàlá kan kí ó pariwo pé òun ni òun sanwó lé e lórí. Ó ń se oúnjẹ fún ọkùnrin náà, ó ń bímọ fún un, ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ baba rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun, ìyàwó ni. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni pé kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀.

Àwa Yorùbá a máa wí pé ìyàwó tí a bá fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Òwe náà bá ẹlòmíràn mu. Kò bá obìnrin yìí mu. Ohun tí ó jẹ́ kí ètò ose dúró láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí èmi ti rò ó, ni pé ẹrù ọkùnrin àti ẹrù obìnrin kì í dàpọ̀. Ohun tí obìnrin bá fi òwò rẹ̀ kó jọ, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ìbáà ṣe owó epo, tirẹ̀ ni, bí ó ti rí láàrin wa náà, níbi tí ọkọ kì í ti í ka owó inú àpò ìyàwó. Ilé amọ̀ tí a fi imọ̀ bo ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀ ìdílé ọkùnrin ni ó dúró lé, kò sì sí ẹni tí ń ta á. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ mọ́, obìnrin náà yóò di ẹrù rẹ̀, yóò gbé ìkòkò rẹ̀ lérí, yóò sì padà sí ilé baba rẹ̀, níbi tí yàrá kò ti ní í wọ́n fún un. Dálémoṣú ni wọn ì bá pè é ní ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n dálémoṣú tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ni. Ohun tí ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn kò ju ilẹ̀ tí ó gbá àti iná tí ó dá lọ.

Ewu kan ṣoṣo ni ó máa ń lépa irú obìnrin bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni ewu owó orí àtijọ́ tí a kò tíì dá padà. Ní 1932, ní Calabar, ọkùnrin kan gbé ẹlòmíràn lọ sí ilé ẹjọ́ lórí obìnrin kan tí òun ti sanwó lé lórí nígbà tí ó wà lọ́mọdé, tí obìnrin náà sì ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin kejì, tí ó sì ti bí ọmọ méjì níbẹ̀. Ó ní òun ni òun ni àwọn ọmọ náà títí a ó fi dá owó òun padà. Ẹjọ́ Edet àti Essien ni a ń pè é títí dòní. Adájọ́ kò gbà fún un: ó ní àṣà tí ó bá sọ ọmọ di ìdógò fún gbèsè lòdì sí ìdájọ́ òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere. Ìdájọ́ dáadáa ni. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ọkàn mi sì balẹ̀ sí i ní gbogbo ìgbà.

Òfin Òyìnbó tí ó dá irú ẹjọ́ rere bẹ́ẹ̀ kò fi ìgbà gbogbo mọ ohun tí a ń pè ní owó obìnrin. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù ni òfin Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún ìyàwó ilé wọn láti ayébáyé. Títí di 1882, nígbà tí wọ́n ṣe òfin ohun ìní àwọn obìnrin tí wọ́n wà nílé ọkọ, ohun tí ìyàwó mú wọlé di ti ọkọ bí oòrùn bá ti wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí ó yá, ilẹ̀ Udu bọ́ sábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Ìbàdàn sì ni a ti ń ṣòfin fún un títí di 1963 tí a dá Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀. Nínú àwọn òfin tí Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1959 ni a ti rí òfin ohun ìní ìyàwó ilé bíi ti 1882 yẹn, tí ó jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ìyàwó alárédè, ṣùgbọ́n tí ìyá tí ń fún epo ní Udu ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀ láti ìgbà ìyá ńlá rẹ̀. Ní 1958 ni a ti ṣe ìlànà tí àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ lè tẹ́wọ́ gbà lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ dídá owó orí padà sí ọwọ́ ilé ẹjọ́ kọ́kọ́kọ́kọ́. Ẹ kíyè sí i pé owó orí ni ìlànà yìí dúró lé. Níbi tí kò bá ti sí owó orí, kò sí ohun tí ilé ẹjọ́ náà yóò tú, adájọ́ rẹ̀ yóò sì wo ose láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni ó wá kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn wà nígbà tí irin dé. Ní 1982, Ààrẹ Shehu Shagari wá sí Aladja láti ṣí ilé iṣẹ́ Delta Steel, lórí ilẹ̀ Udu, gbogbo Nàìjíríà sì da ara wọn sí àyíká náà. Ará Ìbàdàn wà níbẹ̀, ará Òǹdó wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Ijọ, Edo àti Hausa. Ovwian kún, Orhuwhorun kún, Otor-Udu náà gba ìpín tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí baba rẹ̀ wà ní Ìlá tàbí ní Nsukka, tí ó ń gba owó oṣù, tí ó sì háyà yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí àwọn ilẹ̀kùn ń kọjú sí ara wọn, kò ní ẹ̀gbọ́n nítòsí tí yóò bá a gbé ọtí lọ sí ilé ẹnìkan. Ọmọbìnrin tí ń ta oúnjẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kó aṣọ rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá. "A ó ṣe é ní Kérésìmesì tí ń bọ̀," ni ọkùnrin náà wí. Kérésìmesì dé, ó kọjá, òmíràn tún dé; ọmọ dé kí owó orí tó dé, ilẹ̀ sì dé lẹ́yìn ọmọ.

Ilẹ̀ tí mo wí yìí ni ó yí ohun gbogbo padà. Pulọ́ọ̀tì kan ni, àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, ọgọ́rùn-ún ní gígùn, tí a rà lọ́wọ́ ìdílé onílẹ̀, nítorí bí òfin ilẹ̀ 1978 tilẹ̀ ti fi gbogbo ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àwọn ìdílé kò ṣíwọ́ láti máa tà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́, owó ọkùnrin àti owó obìnrin dàpọ̀ mọ́ inú ohun kan tí a kò lè gbé lérí kúrò níbẹ̀. Ẹ bá mi fojú inú wo obìnrin náà ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ já búlọ́ọ̀kù. Ọkùnrin wà ní ibi iṣẹ́. Òun ni ó dúró sínú oòrùn, tí ó ń ka búlọ́ọ̀kù bí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí ó ń ya èyí tí ó ti sán sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa kà á mọ́ ọn. Àjọ tí ó kó ní oṣù náà ni ó tú láti inú ìró rẹ̀, tí ó fi san owó. Ẹni tí ó ta búlọ́ọ̀kù fa ìwé rìsíìtì yọ, ó fi itọ́ tọ́ orí ìka, ó ṣí ewé tuntun, ó ní, "Màmá, orúkọ ta ni kí n kọ sí i?" Obìnrin náà kò tilẹ̀ ronú lé e. "Kọ orúkọ Bàbá Efe," ni ó wí, ìyẹn bàbá ọmọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀wọ̀ ni, nítorí pé ọkùnrin ni ó yẹ kí a mọ̀ mọ́ ilé, nítorí pé kò fẹ́ kí ọlọ́jà lọ máa wí pé òun ni òun ń kọ́lé fún ọkọ. Ó ká ìwé pélébé náà, ó fi í sínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ ibùsùn. Ogún irú rẹ̀ ni yóò wà nínú agolo náà kí a tó fi páànù bo ilé, orúkọ kan náà ni ó sì wà lára gbogbo wọn.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Bí ìjà ilé yìí bá dé ilé ẹjọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ẹjọ́ ilẹ̀ Okere nínú ìlú Warri gan-an, kò sì sí agbẹjọ́rò kan ní Nàìjíríà lónìí tí kò mọ ẹjọ́ náà ní àkọ́sórí, nítorí inú rẹ̀ ni a ti ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀: ìtàn tí a jogún lẹ́nu àwọn baba, ìwé, lílo ilẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́ bí onílẹ̀ ti ń lò ó, tí ó ń tà nínú rẹ̀ tí ó sì ń fi í háyà, wíwà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ láìsí àtakò, àti wíwà lórí ilẹ̀ tí ó fara kàn án. Ọ̀nà márùn-ún ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ibi tí obìnrin inú oòrùn yẹn yóò gbà wọlé nínú márààrún. Kò ní ìtàn baba níbẹ̀. Ìwé kò ní orúkọ rẹ̀. Bí ó bá gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, wọn yóò ní abẹ́ ọkùnrin ni ó wà.

Ọ̀nà kan kù, láti inú òfin ẹ̀rí ọkàn tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti wá: pé bí ènìyàn bá fi owó sí ohun tí a kọ orúkọ ẹlòmíràn sí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ó kàn ń bá a mú un lọ́wọ́, tí ó sì gbọ́dọ̀ yọ ìpín rẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni ose lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ẹsẹ̀ tí a fi ń dúró níbẹ̀, ó sì ṣòro. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, ìyàwó ìbílẹ̀ tí a sanwó lé lórí, tí kì í ṣe ose rárá, kọ̀ láti jáde nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ ti tà, ó ní òun bá a kọ́ ọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá a lẹ́bi nítorí pé kò lè sọ irú ohun tí ó mú wá àti iye rẹ̀. Bí ìyàwó bá ṣubú níbẹ̀, kí ni ose yóò ṣe? Ìyàwó alárédè nìkan ni òfin ìgbéyàwó 1970 fún ní adájọ́ tí ó lè wo ìhà méjèèjì kí ó pín ohun ìní bí ó bá ti tọ́ lójú rẹ̀; òfin náà fi ìyàwó ìbílẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà, kò sì mẹ́nu ba ẹni tí kò ṣe ìyàwó rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ní Áfíríkà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1984, ilé ẹjọ́ kótẹ́milọ́rùn ní London gbọ́ ẹjọ́ obìnrin kan tí ó bá ọkùnrin gbé fún ọdún 19, tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ó bí ọmọ méjì fún un, tí ó ra ohun èlò sínú ilé tí ó sì ń fi owó iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ ilé. Orúkọ ọkùnrin ni ilé wà, obìnrin náà kò sì gba ohunkóhun nínú rẹ̀. Àwọn adájọ́ káàánú rẹ̀. Wọ́n ní ilé aṣòfin ni ó lè tún un ṣe.

Ewu yìí tún ní ìhà kejì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àlejò ní àyíká Warri ti ra ilẹ̀ lórúkọ obìnrin nítorí pé ọmọ ìlú ni, tí ìdílé onílẹ̀ yóò sì tà fún un ní ẹ̀dínwó. Bí obìnrin náà bá jẹ́ ìyàwó tí a gbé níyàwó, òfin Gẹ̀ẹ́sì ní kí a kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀bùn ni ọkọ fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí a kò gbé níyàwó, kò sí ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà lè wá bèèrè owó rẹ̀, obìnrin náà sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀bùn ni. Lójú òfin, nígbà náà, àìsanwó orí gé obìnrin lọ́wọ́ ní ìhà méjèèjì: kò lè gba ohun tí ó kọ́, kò sì lè di ohun tí a fún un mú.

Òfin tí a ṣe ní 2015 lòdì sí ìwà ipá ti mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní orúkọ, nítorí ó ka àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn gbé bíi tọkọtaya láìṣe tọkọtaya mọ́ àwọn tí ó yẹ kí a dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ ìwà ipá ni èyí. Kò sọ ẹni tí ó ni ilé.

Ọmọ nìkan ni òfin ilẹ̀ yìí kò fi sílẹ̀. Láti inú ìwé òfin 1979 ni a ti kọ ọ́, a sì tún un kọ nínú ti 1999, ní ìsọ̀rí 42, pé a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun dù ọmọ Nàìjíríà nítorí ọ̀nà tí a gbà bí i. Èyí bá ohun tí àwọn Urhobo ti ń wí láti ọjọ́ pípẹ́ mu, pé ọmọ ose ọmọ baba rẹ̀ ni. Nítorí náà ni a fi ń rí ohun tí mo gbà pé ó ń pa àwọn ìyá lára ju lílé wọn jáde lọ. Ọkùnrin náà lè fẹ́ ẹlòmíràn, kí ó gbé ọtí lọ sí ilé baba onítọ̀hún bí ó ti yẹ, kí ó sì ní kí ìyá Efe kó ẹrù rẹ̀. Ìyá Efe yóò kó o, agolo bísíkíìtì yóò wà nínú ẹrù náà, kò sì sí ohun tí ó wà nínú agolo náà tí yóò dá a padà. Yóò lọ háyà yàrá ní ìhà kejì afárá. Bí ọdún mélòó kan bá sì kọjá, tí ikú bá pa ọkùnrin náà, wọn yóò ránṣẹ́ pe Efe pé kí ó wá gba yàrá tirẹ̀ nínú ilé baba rẹ̀, Efe yóò sì lọ, yóò ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí ìyá rẹ̀ ka búlọ́ọ̀kù rẹ̀ nínú oòrùn, yóò sì pe ìyá rẹ̀ kí ó wá bá òun sùn níbẹ̀ ní alẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bí àlejò ọmọ rẹ̀.